Ìsọ̀ Wo Ni Kí Olùkọ́ Yorùbá Ti Máa Kọ Ètò Kọ̀ǹpútà?

Ní ilé-ìwé girama kan ní agbègbè Afijio, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè kan ní kí wọ́n fi àmì ohùn sí 'ẹkọ' kí ó lè túmọ̀ sí ohun tí à ń kọ́, kí ó má baà jẹ́ ohun tí à ń fi àkàrà mu. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì kọ 'ẹ̀kọ́'. Ètò tí àwa fúnra wa kọ láti máa bá wa máàkì fún ọ̀kan ní máàkì, ó sì fún èkejì ní òdo. A tẹ iṣẹ́ àwọn méjèèjì jáde sórí bébà, a gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a kò rí ìyàtọ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán lára wa bọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdánwò àṣejáde ni, ta ni ìbá tún iṣẹ́ ọmọ náà wò? Láti ìgbà náà ni a ti ń bi ara wa léèrè bóyá irinṣẹ́ tí a fi kọ ètò náà ni ó fi òtítọ́ pamọ́ fún wa. Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa tí ń fi ọwọ́ ara wọn kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i.

Kí á kọ́kọ́ là á yé ara wa. Ẹni tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà nílò ibi tí yóò ti kọ àwọn àṣẹ rẹ̀, ibi tí yóò ti dán wọn wò, àti ibi tí a ó ti sọ fún un pé ó ti ṣì í kọ. A lè rí gbogbo ìwọ̀nyí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀; a sì lè rí wọn lójú kan, gẹ́gẹ́ bí máṣíìnì, àlùmọ́gàjí, òwú àti téèpù ṣe ń wà nínú ìsọ̀ télọ̀. Nítorí náà, ìsọ̀ ni a ó máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí. Bí ẹlòmíràn bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju èyí lọ, a ṣe tán láti gbà á.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí. Nínú Unicode, èyí tí í ṣe ìlànà tí gbogbo ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. (Èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, ṣùgbọ́n àmì ohùn ni àmì ìsàlẹ̀ náà jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn!) Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ́ ní láti so nǹkan méjì pọ̀, ọ̀nà tí a lè gbà so ó sì ju ẹyọ kan lọ. Kíbọ́ọ̀dù akẹ́kọ̀ọ́ èkíní fún un ní ẹ, ó sì fi àmì ohùn lé e. Ti èkejì fún un ní è, ó wá fi àmì sí ìsàlẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Bí a bá ní kí ó ka iye ohun tí ó wà nínú 'ẹ̀kọ́' tí èyíkéyìí nínú wọn kọ, márùn-ún ni yóò pè é, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà mẹ́ta ni àwa mọ̀. Bí a bá tú gbogbo àmì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di méje.

Nítorí èyí, ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ń yan ìsọ̀, bí àwọ̀ rẹ̀ tàbí bí ó ṣe ń yára tó, kò lè jẹ́ àkọ́kọ́ fún wa. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ tẹ 'ẹ̀kọ́' sínú ìsọ̀ tí ó fẹ́ yàn. Ṣé àmì ohùn jókòó lórí lẹ́tà, tàbí ó sún sí ẹ̀gbẹ́? Bí a bá pa nǹkan kan rẹ́ láti ẹ̀yìn, ṣé ọ́ lọ lódidi, tàbí àmì rẹ̀ nìkan? Kí ó fi fáìlì náà pamọ́, kí ó pa kọ̀ǹpútà, kí ó sì tún un ṣí. Bí ó bá rí áº¹ níbi tí ó kọ ẹ sí, kí ó mọ̀ pé wọ́n fi UTF-8 kọ fáìlì náà ni, wọ́n sì fi ìlànà àtijọ́ kan tí a ṣe fún àwọn èdè Ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù kà á. Bí ọ bá wà nínú fáìlì bẹ́ẹ̀, Python lè kọ̀ láti kà á pátápátá.

Notepad tí ó wà nínú Windows ni ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di ọdún 2019 tí wọ́n sọ UTF-8 di ìlànà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ẹni tí kò bá kíyè sí ìkìlọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó ń fi fáìlì pamọ́ yóò bá àmì ìbéèrè nípò ẹ, ọ àti ṣ. Àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì pọ̀ ní ilé-ìwé wa, nítorí náà a kò dá a láre. Visual Studio Code, tí Microsoft gbé jáde ní 2015, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń fi ìlànà tí a fi kọ fáìlì hàn nísàlẹ̀ ojú rẹ̀ nígbà gbogbo. Èyí nìkan tó ìdí láti yìn ín. Ṣùgbọ́n ó wúwo fún kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kéré, bọ́tìnì inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí olùbẹ̀rẹ̀ nílò lọ. IDLE máa ń bá Python wá. Kò ní ohun ọ̀ṣọ́, ó sì tó fún iṣẹ́ kékeré.

Èyí tí àwa fara mọ́ jù ni Thonny, tí wọ́n ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Tartu ní orílẹ̀-èdè Estonia. Python ti wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ń lo Windows, a kò ní láti tún lọ wá a. Ó ń jẹ́ kí a tẹ̀ lé ètò ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, kí a sì rí ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni a ti tú 'ẹ̀kọ́' méjèèjì palẹ̀, tí àṣírí wọn fi tú.

Àwọn ìsọ̀ tí ó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà, bíi Replit àti Google Colab, dára fún ẹni tí ó ní dátà. Olùkọ́ tí ó wà ní Fìdítì tàbí Ìlọrà, tí iná lè lọ kí nẹ́tíwọ̀kì sì bá a lọ, kò lè fi iṣẹ́ ìdánwò lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Bí fóònù Android nìkan bá ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó gbìyànjú Pydroid 3, èyí tí ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ há.

A kò gbọdọ̀ ro pé ìsọ̀ tí ó dára lè ṣe gbogbo iṣẹ́ náà fún wa. Bí a bá ní kí Python to ọ̀rọ̀ bí ti ìwé atúmọ̀ èdè, yóò to 'ẹja' sẹ́yìn 'yàrá', yóò sì fi 'gbogbo' ṣíwájú 'gígùn', nítorí pé kò mọ̀ pé lẹ́tà kan ni gb. Àwa ni a ó kọ́ ọ ní a, b, d wa.

Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì wọ̀nyẹn, ìlà kan ni ó yanjú ọ̀rọ̀ wọn: a pe unicodedata.normalize pẹ̀lú "NFC" sórí ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ àti sórí ìdáhùn tiwa, kí a tó fi wọ́n wé ara wọn. A tún gbogbo ìdánwò náà máàkì, èkejì sì gba máàkì rẹ̀.