Ọjọ́ orí táyà ni kí ẹ wò, kì í ṣe ojú rẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́

Ní Kétu, ní Ìkòsì àti títí dé Mile 12, a ṣì lè rí ọkọ̀ Ìjàpá Volkswagen tàbí Peugeot 504 tí olówó rẹ̀ kò fẹ́ tà. Ẹlòmíràn jogún tirẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ẹlòmíràn sì fi owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún rà á. Wọn a kùn ún ní ọ̀dà tuntun, wọn a tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, wọn a fi aṣọ bò ó títí ọjọ́ ayẹyẹ yóò fi dé. Ṣùgbọ́n táyà mẹ́rin tí ó gbé gbogbo ẹwà náà dúró, ọ̀pọ̀ kì í bèèrè ọjọ́ orí wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Táyà ọkọ̀ tí ó ń rìn lójoojúmọ́ máa ń jẹ lójú, gbogbo ènìyàn a sì rí i. Ti ọkọ̀ tí ó ń dúró sójú kan kì í jẹ, gbígbó ni ó ń gbó. Oòrùn, ooru àti afẹ́fẹ́ a mú kí rọ́bà le, a sì máa sán wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ó bá yá, wáyà tí wọ́n tò sínú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò lára rọ́bà. Bí irú táyà bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sórí eré ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ó lè bẹ́ láìkìlọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èyí hàn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, bọ́ọ̀sì kan tí ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ bọ̀ láti òde ayẹyẹ orin kọlu igi nítòsí Hindhead, ènìyàn 3 sì kú. Ìwádìí fi hàn pé táyà iwájú tí ó bẹ́ ti lé ní ọdún 19, ó dàgbà ju bọ́ọ̀sì náà gan-an lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọnà ojú rẹ̀ ṣì jìn tó bí òfin ṣe fẹ́. Lẹ́yìn ìjà fitafita tí ìyá ọ̀kan nínú àwọn olóògbé jà, òfin de táyà tí ó bá ju ọdún 10 lọ ní iwájú bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù níbẹ̀ láti oṣù kejì ọdún 2021.

Ní tiwa níbí, ọ̀rọ̀ náà le sí i nítorí pé táyà ti di ohun tí à ń kó wọlé. Ilé iṣẹ́ Michelin ti ilé táyà rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní ọdún 2007, Dunlop náà sì dá iṣẹ́ táyà dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó ń wá ìwọ̀n táyà àtijọ́ ti ń sá sídìí tòkunbọ̀. Òfin aṣọ́bodè ka kíkó táyà tòkunbọ̀ ọkọ̀ kéékèèké wọlé léèwọ̀, síbẹ̀ ó kún ọjà. Àwọn mìíràn a tún máa ki táyà kan bọ inú òmíràn kí kọ̀ńténà lè gba púpọ̀. Bí ẹ bá rí táyà tí etí rẹ̀ tẹ̀ tàbí tí ó ká kò, ẹ má rà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ tuntun.

Báwo ni a ṣe ń mọ ọjọ́ orí táyà? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, kí ẹ sì ka nọ́ḿbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. 1323 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlá ọdún 2023. Bí nọ́ḿbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe táyà yẹn kí ọdún 2000 tó dé. Àjọ SON, tí ó ń rí sí ojúlówó ọjà, sọ pé ọdún 4 ni kí a fi lo táyà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Lẹ́yìn ọjọ́ orí, ìwọ̀n ni ó kàn. Ìwọ̀n 175 R14 ni ó wà lára Peugeot 504 onílé mẹ́rin. Ẹni tí kò bá rí i ra a sáré ra 175/65 R14, torí pé nọ́ḿbà méjèèjì jọra. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti àtijọ́ ga ju èyí lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 6, ó sì sábà máa ń gbé ẹrù kílò 560, nígbà tí èyí kì í sábà gbé ju kílò 475 lọ. Ọkọ̀ a lọ sílẹ̀, ẹrù a sì ni táyà lára. 185/75 R14 ni ó sún mọ́ ti àtijọ́ jù. Fún Ìjàpá tí ó ń lo 155 R15, ọ̀pọ̀ ń fi 165/80 R15 rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má ṣe da táyà rédíà àti èyí tí kì í ṣe rédíà pọ̀ sórí ẹsẹ̀ iwájú kan náà tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan náà. Bákan náà, ríìmù àtijọ́ mìíràn wà tí wọ́n ṣe fún táyà onítúùbù nìkan. Ẹ jẹ́ kí fọ́kanáísà tí ó mọ iṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tó yọ túùbù dànù.

Ìtọ́jú kò le. Ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ fi géèjì wọn afẹ́fẹ́. Kí ẹ tẹ̀lé ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ, nítorí pé nínú Ìjàpá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn ń gba afẹ́fẹ́ ju ti iwájú lọ. Afẹ́fẹ́ tí ó kéré a mú kí ẹ̀gbẹ́ táyà máa tẹ̀ títí yóò fi gbóná. Bí ọkọ̀ yóò bá dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ fi jáàkì gbé e tàbí kí ẹ máa sún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí táyà má baà pẹlẹbẹ níbi kan. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì tàbí epo bẹntiróòlù kàn án. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lápá ibi tí omi odò Ògùn máa ń kún dé, ní Agílítì àti Ajégúnlẹ̀, kí ó yẹ táyà àti ríìmù wò nígbàkúùgbà tí omi bá fà. Ẹ má sì gbàgbé táyà sípéà. Òun ni ó máa ń gbó jù nínú bùútù.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ní Òwódé Onírin tàbí ibikíbi tí ẹ bá ti ń rajà, ẹ ka nọ́ḿbà náà fúnra yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ìṣẹ́jú kan kò ní í kọjá lórí rẹ̀.