Asẹ́ Ewédò: Ta Ni Yóò Máa Fọ̀ Ọ́?



Ní sáà yìí, àwọn ọ̀rẹ́ wa inú ẹgbẹ́ JETS mú àbá kan wá. Wọ́n fẹ́ kí a ní táǹkì gíláàsì kan nínú yàrá sáyẹ́ǹsì, kí ẹja òkun máa gbé inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa tí wọ́n bí sí Jos níbí ò tíì fojú kan òkun rí, torí náà inú wa dùn sí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn olùkọ́ bi wá: "Báwo lẹ ṣe máa jẹ́ kí omi náà mọ́?" Àwọn kan ní kí a ra asẹ́ ilé ìtajà. Àwọn kan ní a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe é, kí ewédò máa bá wa sẹ́ omi náà. Ọ̀nà kejì yìí la fẹ́ ṣàlàyé, kí kálukú lè mọ ohun tí a fẹ́ tọrùn bọ̀ kí a tó dìbò lé e.

Ìdọ̀tí tí ojú ò rí

Nínú òkun, omi pọ̀ débi pé ìgbẹ́ ẹja ò tó nǹkan kan. Nínú táǹkì, kò sí ibi tí nǹkan ń lọ. Ohun tó bá wọlé síbẹ̀, ibẹ̀ náà ló wà. Ẹja á jẹun, á yàgbẹ́, á sì máa tú amóníà jáde láti ibi tó fi ń mí ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Amóníà yìí májèlé ni; díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti pa ẹja.

Ọlọ́run ṣe é, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń gbé ara òkúta àti iyanrìn inú omi. Wọ́n máa ń sọ amóníà di nitrite, àwọn mìíràn á sì sọ nitrite di nitrate. Nitrate ò le tó amóníà, àmọ́ kì í lọ. Ńṣe ló ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Phosphate inú oúnjẹ ẹja náà ń pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wá rí i pé omi lè mọ́ gaara lójú, kí ara ẹja máa rọ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni kí a máa da díẹ̀ nù nínú omi náà, kí a sì fi tuntun rọ́pò. Ṣùgbọ́n omi òkun la ń sọ yìí o. Lítà kan rẹ̀ ń gba nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀. Táǹkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80, tó fẹ̀ ní 35, tí omi inú rẹ̀ sì ga ní 36, á gba nǹkan bíi lítà 100. Ìyẹn ni kílò mẹ́ta ààbọ̀ iyọ̀ kí a tó fi ẹja kan síbẹ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò sì lè ṣe é, torí omi òkun ní magnesium, calcium, potassium àti àwọn nǹkan mìíràn nínú. Àkànṣe iyọ̀ la máa rà, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn sí Jos. Bí a bá ń da omi nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, owó là ń dà sínú gọ́tà.

Kí ni ewédò fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Ẹ ti rí ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára dúrọ́ọ̀mù omi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àwọn olùkọ́ Báyọ́lọ́jì ń pè é ní algae. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ewédò la ó máa pè é. Kì í ṣe ọ̀tá omi. Bí àgbàdo ṣe ń jẹ fatiláísà, bẹ́ẹ̀ náà ni ewédò ń jẹ amóníà, nitrate àti phosphate, tó ń fi wọ́n kọ́ ara rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti oúnjẹ bá wà, á hù dandan.

Ọgbọ́n asẹ́ ewédò ò ju èyí lọ: níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé á hù, ẹ jẹ́ ká yan ibi tí yóò ti hù fún un. A ó fún un nílé tó dáa ju ara gíláàsì lọ, ìmọ́lẹ̀ tó mọ́lẹ̀ ju ti inú táǹkì lọ, àti omi tó ń ṣàn. Á kóra jọ síbẹ̀, á jẹ ìdọ̀tí yó, àwa á wá fà á tu, a ó sì gbé e jáde.

Walter Adey, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ilé iṣẹ́ Smithsonian ní Washington, ló sọ ọ́ di ẹ̀rọ. Ó ti kíyè sí i nínú òkun pé ewédò kúkúrú tó bo àwọn àpáta abẹ́ omi ń hù kíákíá, torí ìgbì òkun ń gbá a lọ gbá a bọ̀, oòrùn sì ń ràn sí i. Ní 1980, wọ́n ṣí àfihàn òkun kékeré kan nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn, tí ewédò ń sẹ́ omi rẹ̀. Ní 1982, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ náà. Tirẹ̀ ní garawa tó ń dojú dé láti fara wé ìgbì. Àwọn tó ń sin ẹja nílé ló wá sọ ọ́ di ohun tó rọrùn: nẹ́ẹ̀tì kan tó gbé dúró, tí omi ń ṣàn lára rẹ̀ wálẹ̀. Irú èyí la lè ṣe.

Bí a ṣe máa ṣe é

Nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá nẹ́ẹ̀tì oníke tó le, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ, kí ojú rẹ̀ ṣáà kéré. Ẹ fi ayùn irin ha á tọ̀tún tòsì títí tí ara rẹ̀ á fi rí gbágungbàgun, torí ewédò kì í di ohun tó ń dán mú. Fún táǹkì lítà 100 tí ẹja kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń gbé, nẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó sì gùn ní 12, ti tó. Bí oúnjẹ tí à ń fún ẹja ṣe pọ̀ tó la fi ń wọn nẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe bí táǹkì ṣe tóbi tó. Ẹ má lo irin o, pàápàá bàbà. Bàbà inú omi máa ń pa edé àti ìgbín.

Páìpù. Ẹ gba páìpù oníke lọ́wọ́ púlọ́ńbà. Ẹ dí orí rẹ̀ kan pa. Ẹ là á lójú gbọọrọ ní ìsàlẹ̀, kí ojú náà gùn tó fífẹ̀ nẹ́ẹ̀tì, kó sì fẹ̀ tó mìlímítà 3. Ẹ ti etí nẹ́ẹ̀tì bọ ojú yìí, kí omi lè máa ṣàn lára rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn.

Pọ́ǹpù. Sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan fífẹ̀ nẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ nǹkan bíi lítà 50 omi láàárín wákàtí kan. Tiwa á gba 500. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù máa ń rẹ̀ bó bá ń gbé omi gòkè, torí náà ẹ ra èyí tí wọ́n kọ 800 sí lára.

Ìmọ́lẹ̀. Gílóòbù LED méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí wọ́n súnmọ́ nẹ́ẹ̀tì dáadáa. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n tàbí tó pọ́n díẹ̀ ló dára jù fún ewédò. Ẹ tàn wọ́n fún wákàtí 12 sí 18 lójúmọ́. Òru ló dáa jù, nígbà tí iná inú táǹkì bá kú, torí ewédò tó ń rí ìmọ́lẹ̀ lóru á máa fún ẹja ní ọ́síjìn.

Ibùjókòó. Orí táǹkì gan-an ni ẹ gbé e sí, kí omi máa ṣàn padà sínú táǹkì. Ẹ fi ike dúdú bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà tàn sínú omi ẹja. Tábìlì abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Omi, gíláàsì àti òkúta á wúwo ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ. Ẹ ra pákó gidi ní ọjà Katako. Ẹ má gbé e ka orí tábìlì kíláàsì.

Ìkìlọ̀ kan: omi iyọ̀ àti iná ò bára wọn rẹ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wáyà rọ̀ sísàlẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gòkè wọ inú rẹ̀, kí omi tó bá ń tọ ara wáyà bọ̀ lè kán sílẹ̀. Kí olùkọ́ sì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá kọ́kọ́ tan iná.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ má retí àwọ̀ ewé. Ohun tó máa kọ́kọ́ hù á rí bíi ẹrẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ẹ fi ọwọ́ nù ún kúrò, ẹ dá nẹ́ẹ̀tì padà. Díẹ̀díẹ̀, irun aláwọ̀ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìgbà yẹn la tó lè fi ẹja àkọ́kọ́ síbẹ̀.

Ohun tí Jos ní í sọ sí i

Ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ará etíkun ò lè bá wa mu délẹ̀. Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200. Afẹ́fẹ́ ibí fúyẹ́, torí náà ọ́síjìn tí omi wa lè gbà fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ dín sí ti Èkó. Omi iyọ̀ fúnra rẹ̀ sì máa ń gba ọ́síjìn tó kéré ju ti omi lásán lọ. Ibi tí asẹ́ wa ti wúlò lẹ́ẹ̀kejì rèé: omi tó ń ṣàn wálẹ̀ lára nẹ́ẹ̀tì ń mí afẹ́fẹ́ símú.

Ọyẹ́ ńkọ́? Ẹja òkun ilẹ̀ olóoru ń fẹ́ omi tó wà láàárín dígírì 24 sí 26. Ẹ̀yin tó ń fi omi garawa wẹ̀ láàárọ̀ oṣù Ṣẹẹrẹ, ẹ mọ̀ pé omi Jos ò sí níbẹ̀ rárá. A nílò híítà. Ọyẹ́ kan náà á tún máa fa omi gbẹ. Omi ló ń gbẹ o, iyọ̀ kì í gbẹ. Bí a bá bu omi iyọ̀ dí i, omi táǹkì á máa ní iyọ̀ sí i títí ara ẹja ò fi ní gbà á mọ́. Ẹ fa ìlà sára gíláàsì, kí ẹ sì máa fi omi lásán dí i dé ìlà náà lójoojúmọ́.

Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù á dúró, nẹ́ẹ̀tì á gbẹ. Kí wákàtí mélòó kan tó kọjá, ewédò lè kú. Ẹ ti nẹ́ẹ̀tì náà bọ inú omi táǹkì títí iná á fi dé, kí ẹ sì ní pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì nílẹ̀ fún ẹja.

Ohun tó kúrò nìkan ló kúrò

Ọ̀rọ̀ gan-an kù. Ewédò ò pa ìdọ̀tí run. Ó kàn gbé e sára ni. Bí a bá fi í sílẹ̀ láìfọ̀ ọ́, á nípọn, ìmọ́lẹ̀ ò ní dé ìdí rẹ̀ mọ́, á jẹrà, á já, á sì dá gbogbo ohun tó ti jẹ padà sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Asẹ́ tí a ò fọ̀ burú ju kí a má ní asẹ́ lọ.

A ò ní láti lọ jìnnà ká tó rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹ wo àwọn adágún tí àwọn tó wa kùsà tánńganran fi sílẹ̀ yí Jos àti Bukuru ká. Àwọn àgbẹ̀ ń fi omi wọn gbin ẹ̀fọ́ àti ọ̀dùnkún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fatiláísà tí òjò bá wọ́ sínú adágún bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ewédò ni. Ní Èkó, ewéko orí omi tó gba Badagry wọ ilẹ̀ wa ní 1984 dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àwọn apẹja, oúnjẹ kan náà ló sì ń jẹ. Bó bá kú síbẹ̀, ìsàlẹ̀ omi ló ń rì sí. Ohun tí èèyàn bá fi ọwọ́ kó sórí ilẹ̀ nìkan ló kúrò nínú omi.

Torí náà, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹni méjì yọ nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi, kí wọ́n ha á pẹ̀lú ike, kí wọ́n sì fi gbòǹgbò díẹ̀ sílẹ̀ kó lè tún hù. Kí wọ́n wọn èyí tí wọ́n ha, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Bí wọ́n bá ṣàn án dáadáa kí iyọ̀ kúrò, ó lè di ajílẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni.

Ogún ìṣẹ́jú ò pọ̀. Àmọ́ ẹja ò mọ ìsinmi, kò mọ ìdánwò, kò mọ visiting day. Bí a bá pa sáà tì tí kálukú padà sílé, ọ̀sẹ̀ mélòó ni asẹ́ náà á fi wà láìfọ̀? Nẹ́ẹ̀tì àti páìpù kọ́ ló le nínú ọ̀rọ̀ yìí. Rósítà ló le.

Ìmọ̀ràn wa rèé: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi omi lásán àti ẹja epìyà ṣe é fún sáà kan gbáko, pẹ̀lú ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Asẹ́ kan náà ni, owó iyọ̀ la yọ kúrò. Bí ìwé ìwọ̀n bá pé láìsí ọ̀sẹ̀ kan tó ṣófo, ìgbà náà la lè lọ bá àwọn olùkọ́ fún ẹja òkun, ẹnu wa á sì gbà á. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìwé rósítà á wà lórí tábìlì ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dìbò fún táǹkì, kó kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tí ilé wọn wà nínú Jos níbí, ẹ̀yin la ń wò lójú fún ìgbà ìsinmi.