ỌMỌ TÍ Ń ṢẸ́JÚ, TÍ Ń YÍNMÚ: ǸJẸ́ OÒGÙN HỌ̀MÍÓPÁTÌ LÈ WÒ Ó SÀN?

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ kì í sinmi ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: ọmọ tí ó ń ṣẹ́jú ṣáá, tí ó ń yínmú, tí ó ń sọ èjìká sókè, tàbí tí ó ń ṣe “hùn, hùn” ní ọ̀nà ọ̀fun láìjẹ́ pé òtútù mú un. Àwọn ìyá kan ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àwọn hóró funfun wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní oògùn họ̀míópátì lè wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń ṣe ọmọ náà.

KÌ Í ṢE ÀFOJÚDI

Ní ilé wa, bí ọmọ bá yínmú nígbà tí àgbà ń bá a wí, ìgbátí ni yóò tẹ̀lé e. Bí ó bá sọ èjìká sókè, a ó ní ohun tí à ń sọ kò jọ ọ́ lójú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ọmọ yìí kò ní àfojúdi kankan nínú. Àwọn dókítà ń pe ohun tí ń ṣe é ní tíkì. Ọpọlọ ni ó ń rán ẹran ara ní iṣẹ́ tí ọmọ náà kò fẹ́ jẹ́. Bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ sín ni ó máa ń rí: nǹkan yóò máa yún un níbẹ̀, ara rẹ̀ kò sì ní balẹ̀ àfi bí ó bá ṣe é. Ó lè mú un mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, bí a ti ń mú sísín mọ́ra ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n yóò jáde níkẹyìn. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè jókòó jẹ́ẹ́ níwájú tíṣà, tí ó bá sì dé ilé, gbogbo rẹ̀ yóò tú jáde, ìyá rẹ̀ yóò sì ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni.

Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ bá wà láàrin ọdún 4 sí 6. Ó máa ń le jù láàrin ọdún 10 sí 12, lẹ́yìn náà yóò máa rọlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn bí wọ́n ti ń bàlágà. Ọkùnrin ni ó ń ṣe ju obìnrin lọ, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Bí ti ara àti ti ohùn bá wà lára ọmọ kan náà, tí ó sì ju ọdún kan lọ, a ń pè é ní àìsàn Tourette, nítorí Georges Gilles de la Tourette, dókítà ará Faransé tí ó kọ̀wé nípa aláìsàn 9 ní ọdún 1885. Kì í ṣe wárápá, nítorí ọmọ náà kì í dákú. Kì í ràn. Kò sì sí ẹni tí ó fi ṣe é.

IBI TÍ HỌ̀MÍÓPÁTÌ TI WÁ

Dókítà ará Jámánì kan, Samuel Hahnemann, ni ó dá ìṣègùn yìí sílẹ̀. Ní ọdún 1790, ó jẹ èèpo igi tí a ti ń rí kiníní, ó sì ní ó ṣe òun bí ẹni pé ibà mú òun. Láti ibẹ̀ ni ó ti rò pé ohun tí ó bá lè fa àìsàn lára ẹni tí ara rẹ̀ le, òun náà ni yóò wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn. Nítorí náà ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ṣe ń fún ọlọ́mọ tíkì ní Agaricus, tí a ti ara olú pupa olóró kan mú jáde, nítorí pé olú náà máa ń mú kí ara fò.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń là á mọ́ omi. Bí ẹ bá rí 30C lára ìgò, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n kán oògùn ẹ̀kán 1 sínú omi tàbí ọtí ẹ̀kán 99, wọ́n gbọ̀n ọ́n. Wọ́n tún kán ẹ̀kán 1 nínú ìyẹn sínú 99 mìíràn, títí ó fi di ìgbà 30. Bí ó bá ti kọjá ìgbà 12, ìṣirò sáyẹ́nsì fi hàn pé ó ṣòro kí èérún kan ṣoṣo nínú oògùn náà tó kù. Bí ìyàwó ilé bá ju ata rodo kan sínú ọ̀sà Èkó, tí ó wá bu omi ibẹ̀ se ọbẹ̀, ǹjẹ́ ọbẹ̀ náà yóò ta?

Àwọn tí ń tà á ní gbígbọ̀n náà ni ó fi agbára sínú omi. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìlera ti ìjọba Ọsirélíà yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò, wọ́n sì sọ pé kò sí àìsàn kan tí ẹ̀rí tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fi hàn pé ó ń wò sàn. Ní ọdún 2017, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ìjọba ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn dókítà wọn níyànjú pé kí wọ́n má kọ ọ́ fún aláìsàn mọ́.

KÍ LÓ DÉ TÍ ÀWỌN KAN FI NÍ Ó ṢIṢẸ́?

Èmi kò pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní òpùrọ́. Ìwà tíkì ni kí ó máa le, kí ó sì máa rọ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ó bá le jù ni ìyá máa ń sáré ra oògùn. Bí ó bá sì tó àkókò tí yóò rọlẹ̀ tẹ́lẹ̀, oògùn ni yóò gba ọpẹ́. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Kì í ṣe àkùkọ ni ó mú ilẹ̀ mọ́.

Àwọn kan yóò ní, bí kò bá ti lè pani lára, kí ni ó burú? Èkíní, owó ni. Èkejì, ohun tí a kọ sára ìgò lè má bá ohun inú rẹ̀ mu: ní ọdún 2016 àti 2017, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó oògùn kìlọ̀ nípa hóró họ̀míópátì kan tí wọ́n ń fún ọmọ tí ń hu eyín, nítorí májèlé ewéko belladonna tí ó wà nínú òmíràn ju èyí tí wọ́n kọ síta lọ. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: ọmọ lè ní àìsàn mìíràn. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ti dun ún ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń jù káàkiri bí ẹni tí ń jó, tí nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́, ó lè jẹ́ àrùn tí ń ba ọkàn jẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

1. Ẹ má nà án, ẹ má sì máa sọ pé “dá a dúró” ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá ti ń tẹnu mọ́ ọn ni yóò máa le sí i.

2. Ẹ lọ ṣàlàyé fún tíṣà rẹ̀, kí wọ́n má baà jẹ ẹ́ níyà lásán. Ẹ jẹ́ kí ó sùn dáadáa.

3. Bí ó bá ń dí i lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tàbí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ béèrè ẹ̀kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu lọ́dọ̀ dókítà. A ó kọ́ ọmọ láti mọ ìgbà tí yíyún náà bá ń bọ̀, kí ó sì ṣe ohun tí kò ní fàyè gba tíkì: ẹni tí ń sọ èjìká yóò fi ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà; ẹni tí ń ṣe “hùn” yóò máa mí wọ́ọ́rọ́wọ́ títí yóò fi kọjá. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2010 lórí ọmọ 126, nǹkan bí 53 nínú 100 àwọn tí a kọ́ báyìí ni ó sàn fún gidigidi. Nínú àwọn tí a kàn ṣàlàyé fún tí a sì tù nínú, nǹkan bí 19 nínú 100 ni.

4. Oògùn ilé ìwòsàn wà, bíi clonidine, fún èyí tí ó bá le. Dókítà nìkan ni kí ó kọ ọ́. Ẹ má sì dá a dúró lójijì nítorí hóró ṣúgà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè ru.

UCH ní Ìbàdàn, Àrò ní Abẹ́òkúta àti ilé ìwòsàn Yábàá ní Èkó ní àwọn dókítà tí ó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Àrò tàbí Yábàá dẹ́rù bà yín. Ọmọ yín kì í ṣe wèrè, kò sì ya aláìgbọràn. Sùúrù àwọn òbí rẹ̀ ni oògùn tí yóò kọ́kọ́ lò.