Jíà Tí A Sọ̀ Kalẹ̀ Lẹ́ẹ̀mejì

Ọkọ̀ tí ìbá gbé wa láti Gwagwarwa lọ sìnkú ìyá ọ̀kan nínú wa ní Ọ̀fà kò gbéra lọ́jọ́ tí a dá. Bí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó ń han. A ra bẹ́ríǹ tuntun. Ọmọṣẹ́ kan fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, gírísì inú rẹ̀ sì ṣàn lọ! Fọ́ọ̀kì pẹ̀lú kò há mọ́ orí kókó rẹ̀ dáadáa. Jíà gòkè tán, pẹ́dàlì rọ̀ wọlẹ̀. Ọjọ́ kejì la dé Ọ̀fà. Wọ́n ti sin Màmá.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ bẹ́ríǹ tuntun. Gírísì bíńtín tó fún orí kókó. Bí ó bá kan àwo kílọ́ọ̀ṣì, yóò máa yọ̀. Kí jíà tó gòkè, ẹ ní kí wọ́n mi fọ́ọ̀kì lójú yín.