Àwọn Tí Ń Bá Wa Ru Ọ̀rọ̀ Wa Láìmọ Orúkọ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ògiri létí. Láyé ìsinsìnyí, fóònù ọwọ́ wa pàápàá létí. Ìyàwó ilé tí ó wà ní Ikun-Àkókó, tí ó fẹ́ fi íntánẹ́ẹ̀tì wádìí àìsàn tí ojú ń tì í láti sọ, tàbí tí ó ń wá ibi tí obìnrin tí ọkọ ń lù lè sá sí, lè rò pé òun nìkan ni ó mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ta dátà fún un lè rí ibi tí ó yà sí. Ibi tí ó yà sí náà sì lè rí ọ̀nà tí ó gbà wá.

Ètò kan wà tí ń bo irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Tor ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tí kò mọ̀ wá rí ni wọ́n sì ń bá wa ru ẹrù rẹ̀.

Lẹ́tà inú àpò mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí á fi lẹ́tà ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan ní Ikun fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Èkó. Ó fi í sínú àpò mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì. Ará Ọ̀wọ̀ tú àpò ti òde, ó rí i pé Àkúrẹ́ ni kí òun fi í ránṣẹ́ sí. Ará Àkúrẹ́ tú èkejì, ó fi í ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ará Ìbàdàn tú ẹ̀kẹta, ó sì jíṣẹ́ fún ẹni tí ó wà ní Èkó. Ará Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé láti Ikun ni, kò mọ̀ pé Èkó ni ó ń lọ. Ará Ìbàdàn mọ Èkó, kò mọ Ikun. Ará Àkúrẹ́ kò mọ ìkankan nínú méjèèjì.

Bí Tor ti ń ṣe nìyẹn, bí ìpele àlùbọ́sà. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí ń gba iṣẹ́ náà fún ara wọn ni wọ́n ń pè ní relay. Ilé ìwádìí àwọn ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà ni èrò náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé Tor jáde ní 2002, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Tor Project sílẹ̀ ní 2006. Ṣùgbọ́n àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ni wọ́n ni àwọn relay. Àwọn ni wọ́n ń sanwó iná àti owó íntánẹ́ẹ̀tì. Jámánì àti Amẹ́ríkà wà lára àwọn ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù.

Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ wa ti Twitter pa láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022, VPN ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sá tọ̀. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. VPN dà bí oníṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó mọ ẹni tí ó rán an àti ẹni tí a rán an sí. Bí ó bá jẹ́ aláròkiri, àṣírí tú. Nínú Tor, kò sí ẹnì kan tí ó di gbogbo rẹ̀ mú.

Ewu tí ń bẹ níbẹ̀

Ọ̀nà tí ọlọ́jà ń tọ̀ ni olè náà ń tọ̀. Bí ènìyànkénìyàn bá gba inú Tor ṣe ibi, ojú ẹni ìkẹyìn, ará Ìbàdàn inú àpẹẹrẹ wa, ni wọn yóò rí. Ní oṣù kẹrin 2017, wọ́n mú Dmitry Bogatov, olùkọ́ ìṣírò ní Moscow, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ tí ó gba ẹ̀rọ rẹ̀ jáde. Oṣù karùn-ún 2018 ni wọ́n tó wọ́gi lé ẹ̀sùn náà.

Tor kì í sì í ṣe oògùn gbogbo àrùn. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà pátápátá, bí wọ́n ti ṣe ní Benin ní ọjọ́ ìdìbò 28 oṣù kẹrin 2019, lẹ́tà kankan kò ní lọ. Bí ènìyàn bá sì fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé sí Facebook, Facebook mọ̀ ọ́n.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ ṣe é

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, bí ó bá ní òun fẹ́ yọ̀ǹda ẹ̀rọ òun, ẹ má kọ́kọ́ bá a wí. Ẹ bi í pé: ṣé ti àárín ni àbí ti ìkẹyìn? Ta ni yóò san owó dátà? Relay ń fẹ́ iná tí kì í ṣe ségesège, èyí sì ṣòro lọ́dọ̀ wa. Èyí tí ó rọrùn ni Snowflake, ohun kékeré tí a ń fi sórí kọ̀ǹpútà, tí ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí a ti dí Tor mọ́ ní ilẹ̀ wọn, bíi Iran àti Russia. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé nìkan ni ẹni tí ó fi í sílé ń ṣọ́. Kì í ṣe òun ni ẹni ìkẹyìn tí wọn yóò dì mú.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹni tí ó bo àṣírí ẹni tí kò mọ̀ rí, tí kò sì retí ọpẹ́, ẹ̀san rẹ̀ kò ní sọnù lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.