Ẹjọ́ Lula ní Ilẹ̀ Brazil

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ìwé ìròyìn fúnra yín yóò ti rí i pé bí ọjọ́ ìbò bá ti ń súnmọ́, ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù a máa pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan Lágbájá. Kọ́ọ̀tù dá Lágbájá lẹ́bi. Lágbájá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n yọ orúkọ Lágbájá kúrò lára àwọn tí ń du ipò. Gbólóhùn mẹ́rin nìyẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń kà wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ ẹjọ́ ọkùnrin kan, Luiz Inácio Lula da Silva, nítorí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bá a.

Brazil ni ilẹ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn baba ńlá àwọn Àgùdà Èkó ti padà wálé lẹ́yìn oko ẹrú. Ọdún 1945 ni wọ́n bí i, sínú ìdílé tálákà ní ìpínlẹ̀ Pernambuco. Kò lọ jìnnà ní ilé-ìwé. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin, ẹ̀rọ sì gé ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀ níbẹ̀. Ó di olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, nígbà tí ó sì di 1980 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló du ipò Ààrẹ tí kò wọlé. Ó wọlé ní 2002, ó tún wọlé ní 2006, ó sì gbé ipò náà sílẹ̀ nígbà tí ọdún 2011 bẹ̀rẹ̀.

Kí ó tó kúrò lórí àga, ó fọwọ́ sí òfin kan ní 2010. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé òfin yìí. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ènìyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kọ orúkọ wọn sínú ìwé pé kí àwọn aṣòfin ṣe é. Ó sọ pé ẹni tí àgbájọ adájọ́ bá dá lẹ́bi irú ọ̀ràn bíi gbígba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ du ipò, ó kéré tán fún ọdún 8. Àgbájọ adájọ́ ni àwọn adájọ́ tí wọ́n jókòó pọ̀, bíi mẹ́ta, tí wọ́n jọ dá ẹjọ́ kan. Ìdájọ́ adájọ́ kan ṣoṣo kò tíì tó láti dí ènìyàn lọ́wọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí adájọ́ kan lè ṣì í.

Ní 2014, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí wádìí owó tó ń sọnù ní Petrobras, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba. Wọ́n rí i pé àwọn agbaṣẹ́ṣe ńláńlá ń fún àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà àti àwọn olóṣèlú lówó ẹ̀yìn kí wọ́n lè rí iṣẹ́ gbà. Fọ-Mọ́tò ni wọ́n sọ ìwádìí náà, nítorí ilé epo kan ni ọwọ́ ti kọ́kọ́ ba àwọn tí ń gbé owó náà kiri. Ẹ má ṣe rò pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀ o. Owó púpọ̀ ló padà sí àpò ìjọba, àwọn ọlọ́lá kan sì jẹ́wọ́ lẹ́nu ara wọn. Ìlú Curitiba ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹjọ́ náà ti wáyé, níwájú adájọ́ kan tó ń jẹ́ Sergio Moro.

Wọ́n wá fi ẹ̀sùn kan Lula. Wọ́n ní agbaṣẹ́ṣe kan fún un ní ilé alájà mẹ́ta kan létí òkun ní Guarujá, ó sì tún un ṣe fún un, nítorí iṣẹ́ tí ó rí gbà lọ́dọ̀ Petrobras. Lula ní òun kò ni ilé náà rí, òun kò sì sùn síbẹ̀ rí. Òótọ́ ni pé orúkọ agbaṣẹ́ṣe náà ló wà nínú ìwé ilé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, 2017, Moro dá a lẹ́bi, ó ní kí ó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 6.

Ṣé Lula kò lè du ipò mọ́ nígbà náà? Ó ṣì lè du ipò. Adájọ́ kan ṣoṣo ló tíì sọ̀rọ̀. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹjọ́ náà sì lọ sí ìlú Porto Alegre, níwájú adájọ́ mẹ́ta. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba náà pe ti wọn, wọ́n ní ìyà náà kéré. Ní oṣù Kíní 2018, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò pé ó jẹ̀bi, wọ́n sì sọ ẹ̀wọ̀n náà di ọdún 12 àti oṣù 1. Ẹ wò ó, ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò lè ṣe ju kí ó dín ìyà kù lọ.

Àgbájọ adájọ́ ti wá dá a lẹ́bi báyìí. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ jókòó ní oṣù Kẹrin lórí bóyá kí ó wà nílé títí gbogbo ẹjọ́ yóò fi parí: adájọ́ 6 ní rárá, 5 ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé ní Curitiba.

Síbẹ̀, àwọn tí ń wádìí èrò àwọn olùdìbò ní òun ló ṣíwájú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti inú ẹ̀wọ̀n. Brazil ní ilé-ẹjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọ̀ràn ìbò lọ. Ní òru tí oṣù Kẹjọ fi wọ oṣù Kẹsàn-án, adájọ́ 6 níbẹ̀ yọ orúkọ rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló yapa. Ilé-ẹjọ́ yìí kò bi í bóyá ó gba ilé létí òkun. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá àgbájọ adájọ́ ti dá a lẹ́bi, wọ́n sì ti dá a lẹ́bi. Òfin tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ní 2010 ló mú un. Fernando Haddad dúró rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n Jair Bolsonaro ló wọlé ní oṣù Kẹwàá.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ wá di méjì. Moro, adájọ́ tó sọ Lula sẹ́wọ̀n, gbà láti di mínísítà ètò ìdájọ́ fún Bolsonaro. Ní tèmi, kò yẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di 2019, àwọn oníròyìn gbé ọ̀rọ̀ tí Moro àti àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ń kọ ránṣẹ́ sí ara wọn lórí tẹlifóònù jáde. Ó hàn níbẹ̀ pé adájọ́ náà ń gba àwọn agbẹjọ́rò nímọ̀ràn lórí bí wọn yóò ṣe ṣe ẹjọ́ wọn. Moro ní òun kò ṣe ohun tí kò tọ́. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: bí adájọ́ bá ń kọ́ olùpẹjọ́ ní ohun tí yóò sọ, ta ni yóò gbọ́ ti ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn.

Ní oṣù Kọkànlá 2019, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ yí ohùn padà. Adájọ́ 6 sí 5 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n títí gbogbo kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ yóò fi tán. Lula jáde lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ 580. Ó jáde lẹ́wọ̀n ni, kò tíì jáde nínú ẹjọ́. Ìdálẹ́bi náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì ti tún dá a lẹ́bi lórí ẹjọ́ mìíràn, nípa oko kan ní Atibaia. Bí ìbò bá wáyé lọ́jọ́ náà, kò lè du ipò.

Ọdún 2021 ni okùn náà tú. Ní oṣù Kẹta, Edson Fachin, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ, ní Curitiba kò láṣẹ láti gbọ́ àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn kò mọ sórí Petrobras. Kí wọ́n kó wọn lọ sí Brasília, olú-ìlú. Adájọ́ 8 gbè é lẹ́sẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, 3 kọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan gbé ẹjọ́ ilẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù ìlú mìíràn, níbi tí ilẹ̀ náà kò sí: bí adájọ́ ibẹ̀ tilẹ̀ gbọ́n bí Sólómọ́nì, ìdájọ́ rẹ̀ kò múlẹ̀. Wọ́n tún sọ pé Moro gbè sẹ́yìn apá kan nínú ẹjọ́ ilé náà. Adájọ́ 7 ló gbà bẹ́ẹ̀, 4 kò gbà.

Báyìí ni àwọn ìdájọ́ náà di asán. Àwọn tó fẹ́ràn Lula ń jó, wọ́n ní kọ́ọ̀tù ti sọ pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kọ́ọ̀tù kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ ní olè ni, ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà jáde. Kọ́ọ̀tù kò sọ ìyẹn náà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé a kò tíì gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin yìí bó ṣe yẹ, ẹni tí a kò bá sì tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, a kò tíì dá a lẹ́bi. Òfin 2010 kò rí i mú mọ́.

Nígbà tí wọn yóò fi tún ẹjọ́ ilé náà bẹ̀rẹ̀ ní Brasília, ọjọ́ ti lọ. Òfin Brazil ní iye ọdún tí ẹjọ́ kò gbọdọ̀ kọjá, ìdajì sì ni iye náà fún ẹni tó ti lé ní 70 ọdún. Wọ́n pa ẹjọ́ náà tì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Nítorí náà, kò sí adájọ́ tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan tí yóò sọ fún àwọn ará Brazil bóyá Lula gba ilé náà tàbí kò gbà á. Àwọn tó fẹ́ dìbò fún un ní 2018 kò sì rí ìbò náà dì. Ó dùn mí ju ẹ̀wọ̀n lọ, nítorí ẹlẹ́wọ̀n lè jáde, ṣùgbọ́n ìbò tó ti kọjá kò ṣe é tún dì.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá, 2022, Lula àti Bolsonaro kojú ara wọn. Lula ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ìbò, Bolsonaro ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 58. Lula tún gba àga ní ọjọ́ kìíní ọdún 2023.

Ó kàn Bolsonaro náà. Ní oṣù Kẹfà 2023, ilé-ẹjọ́ ìbò ní kò gbọdọ̀ du ipò títí di 2030, nítorí pé nígbà tó wà lórí àga ó pe àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè jọ, ó sì ń sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún wọn nípa ẹ̀rọ ìdìbò. Kò sí ẹ̀wọ̀n nínú ìyẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025 ni adájọ́ márùn-ún ní ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ jókòó lórí ẹ̀sùn pé ó gbìmọ̀ láti fi ipá dojú ìbò 2022 dé. Mẹ́rin nínú wọn dá a lẹ́bi, ọ̀kan kọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 27 àti oṣù 3 ni wọ́n dá fún un.