Ẹmu Àárọ̀, Wisikí Ọdún Méjìlá

Nígbà tí àwọn ọmọ Òmù-Àrán bá ti Èkó àti Ìlọrin wálé wá sìnkú àgbà, oríṣi ọtí méjì ló sábà máa ń pàdé lábẹ́ àtíbàbà. Ọ̀kan wà nínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń hó, eṣinṣin ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Èkejì wà nínú ìgò tó wọ páálí, wọ́n kọ 12 tàbí 18 sí i lára, ẹni tó gbé e wá kì í sì í jìnnà sí i. Àwọn tó ń mu ti inú páálí yìí ló sábà máa ń rò pé àwọn nìkan ló mọ bí a ti ń tọ́ ọtí wò.

Kí wọ́n wá jókòó ti àgbà tó ti mu ẹmu darúgbó. Bó bá gba igbá, kì í dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà. Á fẹ́ ìfófòó sẹ́yìn, á gbóòórùn, á bu díẹ̀ sẹ́nu, á dákẹ́. Ó ti mọ̀ bóyá ti ọ̀pẹ ni, èyí tí adẹ́mu fi igbà gùn, tàbí ti ògùrọ̀ etí àbàtà. Ó tún mọ̀ bóyá ti àárọ̀ ni. Omi igi yìí kò ní ọtí nínú nígbà tó ń kán. Dídùn lásán ni. Ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára akèngbè ló ń jẹ ṣúgà rẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ọtí láàárín wákàtí díẹ̀. Tó bá pẹ́ jù, ọtí náà á kan bí ọtí kíkan gidi. Bí wọ́n bá sì bomi là á, tí wọ́n fi sákárìn tan ẹnu jẹ, àgbà á mọ̀: dídùn sákárìn máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n lẹ́yìn tí ẹmu ti kọjá.

Amos Tutuola kọ ìtàn ọ̀mu ẹmu kan sínú ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, tó jáde ní 1952. Adẹ́mu ọ̀mu náà já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú. Ọ̀mu náà wá adẹ́mu mìíràn títí, kò rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá gba ọ̀nà ìlú àwọn òkú lọ wá tirẹ̀. Àlọ́ ni lóòótọ́. Ẹni tó bá ní adẹ́mu tirẹ̀ kò ní sọ pé àsọdùn ni.

Kí wá ni single malt Skọ́tílándì, irú wisikí inú páálí yẹn? Ọ̀pọ̀ rò pé inú àgbá kan ṣoṣo ló ti wá. Rárá o: ilé ìpọntí kan ṣoṣo ní Skọ́tílándì ló pọn ọ́n, ọkà báálì tó ti hù nìkan ló sì fi ṣe é. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí ọkà bàbà ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà: wọ́n á rẹ ọkà sómi kó hù, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi gbígbóná, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó hó. Ibẹ̀ ni ìyá olọ́tí ti ń dúró. Àwọn ará Skọ́tílándì tún ń gbé e kaná nínú ìkòkò bàbà, wọ́n á gba oru rẹ̀, wọ́n á sì rọ ọ́ sínú àgbá igi óákù. Òfin wọn ní kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 3 níbẹ̀, ọtí inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìgò bá kọ 12, ọjọ́ orí àbúrò pátápátá nínú ohun tí wọ́n pò pọ̀ nìyẹn.

Inú ìfiwéra ni ẹ̀kọ́ títọ́ wisikí wò wà; ìgò kan péré kò lè kọ́ni. Ẹ gbé Glenfiddich láti agbègbè Speyside sẹ́gbẹ̀ẹ́ Laphroaig láti erékùṣù Islay. Ti àkọ́kọ́ ń ta òórùn èso bíi ápù tútù. Èkejì ń ta òórùn èéfín àti ti oògùn ọgbẹ́ ilé ìwòsàn. Àwọn kan á gbé e sílẹ̀ kíá. Èéfín peat ló fà á, ìyẹn koríko àbàtà tó ti jẹrà láti ayébáyé, tí wọ́n gbẹ́ nílẹ̀ láti fi dáná gbẹ ọkà náà. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ ẹja tútù sí ẹja yíyan kò nílò àlàyé mìíràn.

Èyí tí kò ní èéfín ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò. Ife ẹlẹ́nu tóóró ló dára, torí ó ń kó òórùn jọ. Ẹ bu díẹ̀, ẹ má ti imú bọ̀ ọ́, ọtí á ta yín. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i, òórùn tó fara pamọ́ á jáde. Yìnyín ní tirẹ̀ ń pa òórùn mọ́lẹ̀ ni. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀, nítorí òfin gbà wọ́n láyè láti fi ṣúgà jíjó pa á láró.

Bó bá di ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n á dé ìgò wisikí, wọ́n á dá a padà sínú páálí, á sì dúró di ìsìnkú mìíràn. Adẹ́mu kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì títí wọ́n á fi gbọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ gbẹ, torí ó fẹ́ lò ó láàárọ̀ ọ̀la.